Fèrèsé Ìbàdàn, Fèrèsé Manchester

Èéfín ló ń bá èémí ọmọ ọwọ́ jà n'Íbàdàn. Ní Manchester, ọ̀rinrin ni. Ikọ́ fée (asthma) kan náà ni méjèèjì lè já sí.

Nílé, fèrèsé kì í tì, ó sì dára bẹ́ẹ̀, àfi pé jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò wà lábẹ́ rẹ̀, sítóòfù kẹrosíìnì sì ń rú lọ́ọ̀dẹ̀. Bílẹ̀ bá ṣú, wọn a ṣáná sí kóìlì ẹ̀fọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn ọmọ. Ìyẹn ló burú jù lójú tiwa: eruku èéfín kíkúnná tó ń jáde lára kóìlì kan ṣoṣo lè tó ti sìgá 75 sí 137. Nẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́ yẹn láìrú èéfín. Kí aboyún náà jìnnà sídìí iná, torí nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 16 oyún ni ẹ̀ka ọ̀nà èémí ọmọ ti ń yọ tán.

Ní Manchester, òtútù àti owó gáàsì ló ń mú wa ti fèrèsé pa. A tún wá sá aṣọ sórí rédíétọ̀, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná. Aṣọ tí a fọ̀ lẹ́ẹ̀kan lè tú omi bíi lítà méjì sínú ilé, ká má tíì sọ ti ìkòkò ẹ̀wà tí kò ní ìdérí. Ara ògiri tó tutù jù lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù lomi ọ̀hún ń lọ, ibẹ̀ lèébu dúdú ti ń hù. Bí ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ kàn bò ó ni. Á tún yọ. Ẹ sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lára ògiri, kí ẹ sì máa dé ìkòkò. Kòkòrò inú eruku, tó ń gbé inú mátírẹ́ẹ̀sì, fẹ́ràn ọ̀rinrin náà. Ẹ fi omi 60°C fọ aṣọ ibùsùn; 40 kì í pa á.

Bó bá jẹ́ ilé káńsù ni, ìyẹn ilé tí ìjọba ìbílẹ̀ fi ń háyà, ẹ ya fọ́tò, kí ẹ kọ̀wé sí wọn. Láti oṣù Kẹwàá 2025, Òfin Awaab, tí wọ́n fi orúkọ ọmọ ọdún méjì tí èébu ilé ṣekú pa ní Rochdale nítòsí Manchester lọ́dún 2020 pè, fún wọn ní ọjọ́ iṣẹ́ 10 láti wá yẹ èébu tó léwu wò.

Màmá tó bá ti ilé wá wo ọmọ ló ṣòro jù. Wọn ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni ṣí fèrèsé. Ẹ dé fìlà fọ́mọ, ẹ gbé e lọ sí yàrá kejì, kí ẹ ṣí fèrèsé yàrá tí ẹ ti gbé e kúrò fún ìṣẹ́jú 10.