Àwo Bàbá Mi, Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Mi, Fóònù Ọmọ Mi

Ọjọ́ Àìkú, alẹ́.

Ìjà orin tún ṣẹlẹ̀ lónìí. Ìjà ẹnu ni, ó sì ti ń lọ sí ọdún mẹ́ta báyìí tí à ń jà á ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú tí èmi àti ọmọ mi bá lọ kí bàbá mi l'Ókè-Àdó. Bàbá mi ti pé ọdún 81. Ọmọ mi pé 19 lóṣù tó kọjá. Èmi ni mo wà láàárín, èmi náà sì ní ti èmi tí mò ń jà fún.

Ẹ̀yìn iyán ni ọ̀rọ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. Bàbá á fọwọ́, á nu ìka rẹ̀ gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, á wá lọ sídìí àpótí tó wà lábẹ́ fèrèsé. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun mú àwo. Etí àwo ló máa ń fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì dì mú, kó má baà fi ìka kan ojú rẹ̀. Á fẹ́ ẹ fúù, á wá fi gèlè àdìrẹ kan tó ti gbó nù ún yípo-yípo, kì í nù ún lóòró. Gèlè ìyá mi ni. Lẹ́yìn ìyẹn ni á gbé abẹ́rẹ́ lé e, ẹ ó sì kọ́kọ́ gbọ́ tó ń ta pàrà-pàrà bí epo tó ń gbóná kí gìtá tó wọlé.

Èyí tó gbé lónìí, páálí rẹ̀ ti jẹrà, orúkọ tó wà láàárín rẹ̀ sì ti ṣá. Jùjú ni, ti àárín àwọn ọdún 1970. Nígbà tó ṣe díẹ̀, olórin dákẹ́, gìtá fà sẹ́yìn, ó wá ku gángan nìkan. Bàbá nawọ́ sí ọmọ mi.

"Kí ló wí?"

"Ìlù ni mo gbọ́, Bàbá àgbà."

Bàbá mi bá fi ẹnu tẹ̀lé gángan náà, ó ń gbé ohùn sókè níbi tí ìlù bá gbé e sókè, ó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ níbi tó bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: "Ẹni máa jẹ oyin inú àpáta, kì í wo ẹnu àáké." Gángan tún un wí. Bàbá tún un wí. Nígbà kẹta, mo rí i tí ètè ọmọ mi ń mì.

Bàbá wá jókòó, ó ní láti ọdún 1985 kò tún sí ẹni tó kọrin mọ́ nílẹ̀ yìí. Ó ní ariwo ni wọ́n ń pa. Ọmọ mi náà ò gbà. Ó ní gbogbo ayé ló ń jó orin wa báyìí, pé Burna Boy gba Grammy lọ́dún 2021, bẹ́ẹ̀ King Sunny Adé tí Bàbá ń yìn, wọ́n kàn yàn án ni pẹ̀lú *Synchro System* ọdún 1983, kò gbà á. Bàbá wò ó títí. "Ṣé òyìnbó ló máa wá tọ́ ọbẹ̀ mi wò kí n tó mọ̀ pé ó dùn?"

Ohun kan wà tí mi ò fẹ́ rán Bàbá létí níwájú ọmọ-ọmọ rẹ̀. Bàbá tó bí bàbá mi, alàgbà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì, kò sì jẹ́ kí jùjú wọ ilé òun. Ó ní orin ọ̀mùtí ni. Kò kúkú parọ́, nítorí ìdí ẹmu ni jùjú ti gbérí l'Ékòó, ní Olówógbówó, lọ́wọ́ Túndé King àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú bánjò, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù pẹlẹbẹ. Lọ́dún 1936 ni Parlophone, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, gba orin rẹ̀ sínú àwo. Gángan tí Bàbá mi ń pè ní ẹ̀jẹ̀ jùjú kò tíì sí níbẹ̀ rárá nígbà náà. Ẹ̀yìn Ogun Àgbáyé Kejì ló wọlé, nígbà tí ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti dé, tí ohùn àti gìtá ti lè dúró níwájú ìlù láìrì sínú rẹ̀. Ohun tí Bàbá ń pè ní àbáláyé, àṣà tuntun ni lójú àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí "Salome" I.K. Dairo gbòde lọ́dún 1962, ọmọ ọdún 18 ni Bàbá. Ẹ̀yìn fèrèsé alájọgbélé wọn ló ti máa ń dúró gbọ́ ọ, nítorí pé kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ nílé. Òun ló sọ ọ́ fún mi, lọ́jọ́ kan tí inú rẹ̀ dùn.

Èmi náà rí tèmi. Lọ́dún 1989 tí Shina Peters gbé *Ace* jáde, ọmọ ọdún 13 ni mí, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò tíì sí irú rẹ̀ rí láyé. Bàbá mi gbọ́ ìlù náà, ó ní, "Ta ló ń lé e?" Mo bínú sùn lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi wá ni ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ Mùsùlùmí láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni, ìlú Haruna Ishola, olórin àpàlà. Pẹ̀lú àpàlà ló fi dàgbà, ṣùgbọ́n Sikiru Ayinde Barrister ló fẹ́ràn jù. Wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí èèyàn sí sààrì nínú Ramadan, inú rẹ̀ ni Barrister ti gbọ́n fújì jáde, orúkọ tó mú lára òkè kan ní Japan tó rí nínú àwòrán ní pápákọ̀ òfurufú. Bàbá mi kò fẹ́ ẹ ní pálọ̀. Ó ní orin ọmọ ìta ni. Ìyá mi kò bá a jà. Ó gbé rédíò kékeré kan tó ń gba kásẹ́ẹ̀tì sí ilé ìdáná, lórí pákó tó ń gbé àtàrodo àti iyọ̀ sí, ibẹ̀ ló ti ń gbọ́ tirẹ̀. Bí ẹ bá wọ ilé wa nígbà náà, jùjú lẹ ó gbọ́ níwájú, fújì lẹ́yìn, àárín ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ni méjèèjì ti ń pàdé. Ọjọ́ tí Barrister kú sí Lọ́ńdọ̀nù, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2010, ìyá mi ò jẹun alẹ́.

Ó máa ń sọ ọ̀rọ̀ kan sí àwọn àwo Bàbá tó máa ń dùn mí nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀. Á ní, "Orin yín yìí, kò sí orúkọ tálákà kan nínú rẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni. Owó epo ló gbé jùjú yẹn ró. Náírà dé ní oṣù kìíní ọdún 1973, owó epo sì ya wọ̀lú lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá ṣòkú tàbí tó kọ́lé á pe Obey, á pe Sunny, wọ́n á kì í, á sì na owó lé wọn lórí títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹgbẹ́ olórin kan lè ní ogún èèyàn: onígìtá mẹ́rin, onígángan mẹ́ta, elégbè tó pọ̀ bí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn ló ń jẹun, gbogbo wọn ló ní ọmọ nílé ìwé. Nígbà tí SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti ìjọba, dé lọ́dún 1986, tí náírà já wálẹ̀, ta ló kù tó lè bọ́ ogún èèyàn? Àwọn mìíràn kó ìlù wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mìíràn kúrò nílùú. Nígbà tó yá, kọ̀ǹpútà kan àti ọmọkùnrin kan nínú yàrá ló kù. Ó máa ń dùn mí bí wọ́n bá ní ọ̀lẹ ni àwọn ọmọ ìwòyí. Ọmọ yẹn kò rí ogún èèyàn pè.

Ó ti fẹ́ tó aago mẹ́fà àbọ̀ nígbà tí iná lọ. Àwo ṣì ń yí lọ́wọ́. Bí iná bá lọ mọ́ àwo lórí, kì í dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohùn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo, ó ń lọ sílẹ̀, ó ń falẹ̀, gìtá di bí ẹni ń kérora, gángan di gbẹ̀du, ó wá wọlẹ̀ pátápátá. Òkùnkùn. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò kan bẹ̀rẹ̀ sí í kù lẹ́yìn ògiri.

Ọmọ mi tan fóònù. Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yọ kan péré." Bàbá ò dá a lóhùn, ìyẹn ló fi mọ̀ pé ó gbà.

Orin Asake ni, láti inú *Mr. Money With The Vibe* tó jáde lọ́dún 2022. Bàbá gbọ́ orúkọ náà, ó ní, "Àṣàkẹ́? Ṣé obìnrin ni?" Ọmọ mi ní ọkùnrin ni, orúkọ ìyá rẹ̀ ló fi ń pe ara rẹ̀. "Hùn-ún," ni Bàbá wí. Mo mọ "hùn-ún" yẹn. Ó wọ̀ ọ́ lára.

Ìlù kan ń gbá nísàlẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, ọmọ mi ní Gúúsù Áfíríkà ni irú ìlù yẹn ti wá. Bàbá ò bìkítà fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ègbè wọlé, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohùn ọkùnrin jọ gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, tí wọ́n fa ìparí ọ̀rọ̀ bí ẹni ń pe ìrun, Bàbá gbé orí sókè. Mo rí ojú rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ fóònù.

"Orin ìyá rẹ nìyí," ó wí fún mi.

Mi ò lè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo ti ń gbọ́ Asake láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá ọmọ mi láti bí ọdún mélòó kan, mi ò gbọ́ fújì tó wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, tó lé fújì lọ sí ilé ìdáná fún bí ogójì ọdún, ló gbọ́ ọ. Gbogbo ìgbà tó jókòó sí pálọ̀ yẹn, etí rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ìyá mi.

Orin náà parí. Bàbá dúró. "Kí ló dé tó dákẹ́?"

"Ó ti tán, Bàbá àgbà."

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni, ó ti dìde?"

Ibẹ̀ ni èmi ti dá sí i. Mo ní kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ náà. Àwo ìgbà bàbá yín, Bàbá, ìyẹn àwo dúdú wíwúwo tó máa ń fọ́ bí àwo tánganran, kò gbà ju bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ lójú kan, àti àwo kékeré tí I.K. Dairo fi kọ "Salome" pàápàá, orin kúkúrú ló gbà. Ìgbà tí àwo ńlá wá gbòde, tó ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan, ni jùjú rí àyè na ẹsẹ̀, tí gángan fi lè dúró sọ̀rọ̀ láìsí ẹni tó ń kán an lójú. Kásẹ́ẹ̀tì tún fẹ̀ ju ìyẹn lọ, fújì sì kún inú rẹ̀. Lórí fóònù ńkọ́? Bí èèyàn bá ti gbọ́ orin fún ìṣẹ́jú-àáyá 30 lórí Spotify, wọ́n ti kà á. Ta ló máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta lu gìtá kó tó la ẹnu? Gbogbo *Mr. Money With The Vibe* náà, orin 12, kò ju nǹkan bí ìdajì wákàtí lọ.

Ọmọ mi rò pé mo ti wá sí ẹ̀yìn òun. Rárá o. Bí wọ́n bá ní kí n fọwọ́ sọ̀yà, màá sọ pé láti 1970 títí dé nǹkan bí 1985 ni orin wa dùn jù, mi ò sì ní yí i padà. Àwọn àgbà ayé ìgbà náà kò ní ẹ̀bùn ju ọmọ ìwòyí lọ. Wọ́n ní àyè, wọ́n sì pọ̀ lórí ìtàgé. Gángan kò lè sọ gbólóhùn òwe tán nínú ìṣẹ́jú méjì, kó tún un wí, kí ọmọdé tó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kẹta kí ètè rẹ̀ tó mì. Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Ọmọ mi gbọ́ Yorùbá dáadáa, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n lónìí ló kọ́kọ́ mọ̀ pé ìlù ń bá òun sọ̀rọ̀.

Iná dé bí aago méje kọjá díẹ̀. A ti gbàgbé pé abẹ́rẹ́ ṣì wà lórí àwo. Ohùn náà dìde láti ilẹ̀, ó wúwo bí ti òkú ọ̀run, ó ń gòkè, ó ń gòkè, títí tó fi bọ́ sí ipò rẹ̀, tí gìtá sì mọ́ geere. Ọmọ mi fò dìde. Ó ní kí Bàbá àgbà pa á, kí wọ́n tún un tàn, òun fẹ́ gbà á sínú fóònù. Bàbá ní á ba abẹ́rẹ́ jẹ́. Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́. Bàbá pa á, ó tún un tàn. Nígbà tó yá, ó tún un ṣe láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́.

Mo ti délé báyìí. Mo gbé páálí ìyá mi wálẹ̀ láti orí àjà. Kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rìnlá ló wà nínú rẹ̀. Òórùn iyọ̀ àti epo ṣì wà lára ọ̀kan, tàbí ó kàn ń ṣe mí bẹ́ẹ̀ ni. Ó fi bírò pupa kọ "Ẹ má fọwọ́ kàn án" sára rẹ̀. Mi ò ní ẹ̀rọ tí màá fi gbọ́ ọ. Màá lọ bèèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń tún rédíò ṣe ní Dùgbẹ̀ lọ́la, kí n tó lọ síbi iṣẹ́.