Ibojì àwọn sójà tó padà sílé: Leeds àti Àkúrẹ́

Nínú ọ̀pọ̀ itẹ́ òkú ìlú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí kan Leeds tí mo ń gbé, ó rọrùn láti dá ibojì àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ológun mọ̀. Òkúta kan náà ni wọ́n sábà máa ń rì sórí wọn, wọ́n á gbẹ́ orúkọ, ipò, àmì ẹgbẹ́ ọmọ ogun àti ọjọ́ ikú sí i, ti ọ̀gágun kì í sì í ga ju ti sójà tí kò ní ipò kankan lọ. Commonwealth War Graves Commission, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1917, ló ń tọ́jú wọn. (Àwa aláwọ̀ dúdú kò jẹ nínú ìdọ́gba yìí tó bẹ́ẹ̀: ní 2021, àjọ náà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé ó kéré tán, 116,000 òkú Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní, tí ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò fi orúkọ rántí tàbí tí wọn kò rántí rárá.)

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àjọ náà ní ààlà. Ẹni tó kú láàárín oṣù Kẹjọ 1914 sí oṣù Kẹjọ 1921, tàbí láàárín oṣù Kẹsàn-án 1939 sí ìparí 1947, ló wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ja ogun kan náà, tó padà sílé, tó sì darúgbó kó tó kú, ọwọ́ ẹbí rẹ̀ ni ibojì rẹ̀ wà. Bí àwọn ọmọ bá ti kó lọ sí ìlú mìíràn, igbó á bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ káńsù máa ń ti òkúta wò bóyá ó ń mì, nítorí pé irú rẹ̀ ti wó pa ọmọdé rí. Èyí tó bá ń mì, wọ́n lè dá a dùbúlẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì wà bí ẹbí kò bá yọjú.

Àwọn tó ń mọ̀ọ́mọ̀ bà á jẹ́ náà wà. Àwọn kan ń fọ́ òkúta, àwọn olè sì ń yọ àwo idẹ tí orúkọ wà lára rẹ̀ lọ tà fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Òfin 2013 ní England àti Wales kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò yìí san owó lọ́wọ́ mọ́, kí a lè mọ ẹni tó tajà. Òfin 2022 sì mú kí ẹni tó bá ba ohun ìrántí jẹ́, títí kan òdòdó tí wọ́n fi lélẹ̀ níbẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún 10, bí owó ohun náà kò tilẹ̀ tó nǹkan.

Ní Àkúrẹ́, inú ọgbà ilé la sin bàbá bàbá mi sí, ní Òkè-Àró, ẹni tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ja ogun Bọ́mà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Olè kì í dé ibẹ̀. Orí sìmẹ́ńtì yẹn ni ìyá àgbà ń sá ata àti èlùbọ́ sí, àwọn ọmọ ń jókòó síbẹ̀ jẹ gúgúrú, ewúrẹ́ ń sùn síbẹ̀. Òyìnbó tí mo sọ fún pè é ní àrífín. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀, nítorí àárín àwọn ọmọ rẹ̀ ni bàbá wà, àràárọ̀ ni wọ́n sì ń gbálẹ̀ ibẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbà ni wọ́n ń gbá, kì í ṣe nítorí sójà. Àwọn àgbà àdúgbò ṣì ń pè wá ní ọmọ Bàbá Bọ́mà.

Ibi tí tiwa ti bàjẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Láti ìgbà tí Àkúrẹ́ ti di olú ìlú ìpínlẹ̀ ní 1976 ni ilẹ̀ ti ń gbówó lórí; àwọn ọmọ ń ta ilé bàbá wọn, ẹni tó rà á ń wó o láti kọ́ ṣọ́ọ̀bù, ibojì á sì bọ́ sábẹ́ ìpìlẹ̀. A kì í pe ọlọ́pàá sí i, ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ọjọ́ ìrántí pàápàá kò dé ọ̀dọ̀ irú àwọn òkú bẹ́ẹ̀: ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní, ọjọ́ tí ogun abẹ́lé parí ní 1970, gómìnà á gbé òdòdó lélẹ̀, wọn á tú ẹyẹlé sílẹ̀, gbogbo wọn á sì túká.

Lọ́dún tó kọjá, ẹbí wa fẹ́ ta apá kan ọgbà náà. Àbúrò mi kan sọ lórí fóònù pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹni tó bá rà á ló ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀.” Mo ní kò rí bẹ́ẹ̀ bí a bá ti yọ ọ́ sọ́tọ̀ nínú ìwé. A ní kí awọnlẹ̀ fa ilà yí ibojì náà ká nínú sọ́fè, lọ́yà sì kọ ọ́ sínú ìwé títà pé ibẹ̀ àti ọ̀nà tó lọ síbẹ̀ ṣì jẹ́ ti ẹbí. Bíríkìlà fi “Sójà Ogun Bọ́mà” kún abẹ́ orúkọ rẹ̀, torí orúkọ àti ọdún nìkan ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó ra ilẹ̀ náà yọ owó díẹ̀ nítorí ìyẹn, àbúrò bàbá mi kan sì ń kùn títí di òní.