Ìyípo 25 lórí yìnyín Hamar

Ogúnjọ́ oṣù Kejì, lálẹ́

Irú ọjọ́ òní ní ọdún 1994 ni Johann Olav Koss, ọmọ orílẹ̀-èdè Nọ́wè, sá eré 10,000 mítà lórí yìnyín ní ìlú Hamar, ó sì ti di àṣà mi láti máa wo fídíò eré náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin bí ọjọ́ yìí bá ti tún yí po. Lálẹ́ òní, àbíkẹ́yìn mi, tó yẹ kó ti wà lórí ibùsùn, wá jókòó tì mí. Koss kò tíì yípo ju ẹ̀ẹ̀mẹ́rin lọ tí ọmọ náà fi béèrè pé, "Bàámi, ta ló ń lé e?" Mo ní kò sẹ́ni tó ń lé e. Ó ní, "Ta wá ni òun náà ń lé?" Mo nàka sí aago tó ń ṣiṣẹ́ ní igun amóhùnmáwòrán, ó sì wò mí bí ẹni tí wọ́n ń tàn jẹ.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí irú eré yìí. Ènìyàn méjì péré ni wọ́n máa ń tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà sórí yìnyín tí yíyípo rẹ̀ jẹ́ 400 mítà, ọ̀kan ní ọ̀nà inú, èkejì ní ọ̀nà òde, wọ́n á sì máa pààrọ̀ ọ̀nà ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí ìrìn àwọn méjèèjì lè dọ́gba. Kì í ṣe ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ni o fẹ́ ṣẹ́gun, nítorí ó lè jẹ́ ẹni tó ti sáré tirẹ̀ láti wákàtí kan sẹ́yìn tó sì ti lọ jókòó ni yóò gba ipò lọ́wọ́ rẹ. Ìyípo 25 ni 10,000 mítà. Ẹni tó ń sá a yóò tẹ̀ ba, ẹ̀yìn rẹ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, irin gígùn tó wà lábẹ́ bàtà rẹ̀ á sì máa gé yìnyín. Ohun tó mú mi fẹ́ràn rẹ̀ ni pé kò sí ibi tí ènìyàn lè fi àárẹ̀ pamọ́ sí. Bí ìyípo kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá 32, tí èyí tó tẹ̀ lé e sì gba 33, gbogbo ayé ti rí i pé ẹsẹ̀ ti ń wúwo.

Ọdún 1968 ni wọ́n bí Koss ní Drammen, ìlú kan tí kò jìnnà sí Oslo. Ó gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé ní ọdún 1990 àti 1991, nínú ìdíje tí wọ́n ti ń ro èsì eré mẹ́rin pọ̀, kúkúrú àti gígùn, láti mọ ẹni tó pegedé jù. Ṣùgbọ́n ní Nọ́wè, orúkọ kan wà tí gbogbo ẹni tó bá wọ bàtà onírin gbọ́dọ̀ gbé sẹ́yìn kiri. Hjalmar Andersen, tí àwọn ará ilẹ̀ náà ń pè ní Hjallis, gba góòlù mẹ́ta nílé ní Òlíḿpíìkì Oslo ti ọdún 1952, ní 1500, 5000 àti 10,000 mítà. Nígbà tí wọ́n fún Lillehammer ní ẹ̀tọ́ láti gba àlejò Òlíḿpíìkì ọdún 1994, èrò Hjallis ni yóò kọ́kọ́ wá sí ọkàn àwọn àgbà.

Kí ọdún náà tó dé, ti Albertville ní ilẹ̀ Faransé wà níwájú, ní ọdún 1992. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń dúró pẹ́ bí mo bá ń ronú nípa ọkùnrin yìí, nítorí pé àìsàn inú líle kan kọlù ú nígbà tí ìdíje ku fẹ́ẹ́rẹ́ kó bẹ̀rẹ̀, ó sì di èrò ilé ìwòsàn. Ó jáde, ó wọ bàtà, ó sá 5000 mítà, ó sì ṣe ipò keje. Ẹni tó bá ti rí i lọ́jọ́ yẹn ì bá ní kó máa lọ sílé lọ sinmi. Lọ́jọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà, ó gba góòlù 1500 mítà, ìyàtọ̀ tó sì wà láàárín òun àti Ådne Søndrål, ọmọ Nọ́wè ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, jẹ́ ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú, ìyẹn ti kọjá. Ó tún gba fàdákà ní 10,000 mítà, lẹ́yìn Bart Veldkamp ti Netherlands.

Ti Hamar ni mo fẹ́ sọ, ìlú tí wọ́n ti sá eré orí yìnyín ti Òlíḿpíìkì Lillehammer. Gbọ̀ngàn Vikingskipet ni wọ́n ti ṣe é, ilé ràgàjì kan tí òrùlé rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi àwọn Viking, àwọn atukọ̀ ilẹ̀ náà láyé àtijọ́, tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Ní 13 oṣù Kejì, Koss sá 5000 mítà ní ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 34.96. Ní ọjọ́ 16, ó sá 1500 mítà ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú àáyá 51.29. Góòlù ni méjèèjì, kò sì sí ẹni tó tíì sáré tó bẹ́ẹ̀ rí láyé nínú ọ̀kankan wọn. Ẹsẹ̀ Hjallis ló ń tọ̀, lẹ́yìn ọdún 42, 10,000 mítà nìkan ló sì kù.

Lẹ́yìn góòlù kejì yìí ni ó kéde pé òun yóò fi owó ẹ̀bùn òun sílẹ̀ fún Olympic Aid, ẹgbẹ́ tí àwọn olùṣètò Lillehammer dá sílẹ̀ nítorí ìyà tó ń jẹ ìlú Sarajevo ní Bosnia, tó gba àlejò Òlíḿpíìkì ní ọdún 1984 kí ogun tó sọ ọ́ di ahoro. Ó rọ àwọn ará ìlú rẹ̀ pé kí wọ́n fi kroner 10, owó ilẹ̀ wọn, sílẹ̀ fún góòlù kọ̀ọ̀kan tí Nọ́wè bá gbà. Owó tí wọ́n rí kó jọ tó mílíọ̀nù 18 dọ́là.

Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ní Eritrea, ní Áfíríkà, ló mú un ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ ní òpin ọdún 1993, ọdún kan náà tí orílẹ̀-èdè náà gba òmìnira lẹ́yìn ogun ọgbọ̀n ọdún. Ó bá àwọn ọmọkùnrin kan tí wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù náà kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù, ẹ̀wù ọ̀kan lára wọn ni wọ́n ká jọ. Gbogbo wọn ló fẹ́ràn ọmọ tó ni ẹ̀wù náà, nítorí pé ẹ̀wù rẹ̀ ní apá gígùn tí wọ́n lè fi so ó pọ̀ kó má baà tú. Koss ṣèlérí fún wọn pé òun yóò gbé bọ́ọ̀lù gidi padà wá. Nígbà tí Òlíḿpíìkì parí, ó kó ohun ìṣeré kún ọkọ̀ òfuurufú, ó sì lọ. Àwọn ìwé ìròyìn nílé bú u, wọ́n ní ebi ni ó ń pa àwọn ènìyàn yẹn, kí ni wọ́n fẹ́ fi bọ́ọ̀lù ṣe?

Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo gbè sẹ́yìn àwọn tó bú u. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ mi. Ṣùgbọ́n apá ẹ̀wù ọmọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀rá omi àti àkísà ni èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi máa ń dì jọ, tí a ó fi okùn wé e títí yóò fi le, mo sì rántí àwọn ọjọ́ tí a kò tíì jẹun tí a ṣì ń gbá a títí ilẹ̀ fi ṣú. Kì í ṣe pé ebi kò pa wá. A kò kàn fẹ́ kó jẹ́ pé ebi nìkan ni a jẹ́. Koss fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé nígbà tí òun tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ààrẹ Eritrea pé oúnjẹ ló yẹ kí òun gbé wá, ààrẹ náà dá òun lóhùn pé ẹ̀bùn náà tóbi jù lọ, nítorí ó fi hàn pé ẹnì kan ka àwọn sí ènìyàn.

Ní ọdún 1994 kan náà ló gba ipò àkọ́kọ́ lágbàáyé lẹ́ẹ̀kẹta, ní Göteborg, ó sì bọ́ bàtà onírin sílẹ̀. Ọmọ ọdún 25 ni. Ó lọ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Yunifásítì Queensland ní Ọsirélíà, ó sì sọ Olympic Aid di àjọ Right To Play, tí olú-ilé rẹ̀ wà ní Toronto, tó ń fi eré kọ́ àwọn ọmọdé. Àkókò tó fi sá 10,000 mítà ní Hamar kò yẹ̀ títí di Nagano ní ọdún 1998, nígbà tí Gianni Romme ti Netherlands sáré kọjá rẹ̀ pẹ̀lú bàtà tuntun tí gìgísẹ̀ rẹ̀ máa ń ṣí kúrò lára irin, tí ẹsẹ̀ fi máa ń rí àyè ti yìnyín pẹ́ sí i. Irin tí a kàn mọ́ bàtà gírígírí ni Koss fi sá tirẹ̀.

Nígbà tí ó ku ìyípo bíi mẹ́jọ, orí ọmọ mi ti rọ̀ sí mi léjìká. Agogo ìyípo ìkẹyìn ló jí i. Àwọn èrò inú gbọ̀ngàn ti dìde, ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti rẹ̀yìn, Koss ṣì tẹ̀ ba bó ṣe tẹ̀ ba ní ìbẹ̀rẹ̀. Aago dúró sí ìṣẹ́jú 13 àti ìṣẹ́jú àáyá 30.55.

"Bàámi, ṣé ó bá a?"

Mo sọ fún un pé ó bá a, ó sì fi ìṣẹ́jú àáyá tó kù bíńtín kó pé 13 ju ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ sáré yá jù lọ ṣáájú. Ó ní ìyẹn ni pé ara rẹ̀ ló ń lé. Mo pa amóhùnmáwòrán, mo sì gbé e lọ sí ibùsùn rẹ̀.