Ẹ dí etí yín o, ẹ̀yin onílù ẹgbẹ́ mi

Bí mo ṣe ń kọ èyí, etí mi òsì ń hó. Oṣù mẹ́ta rèé. Ẹ̀yin tí ẹ ń lu dúrọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ Sọ́ńdè, tí ẹ tún ń lọ ṣe heavy metal, orin gìtá oníná tó le, tó ń pariwo, pẹ̀lú ọ̀rẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Agbowó n'Ìbàdàn la ti ń ṣe rìhásà. Yàrá kan, àwa mẹ́rin, ògiri búlọ́ọ̀kù. A fi fóòmù bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé kí aládùúgbò má baà bá wa jà. Ẹ mọ̀ pé orin yìí kì í ṣe ohun tí wọ́n ń lù jẹ́jẹ́. Tó bá ń sáré ní bíìtì 200 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ẹsẹ̀ méjèèjì ń pín bíìtì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin lórí pẹ́dà, ìgbà 800 ni ìlù ńlá yẹn ń dún ní ìṣẹ́jú kan. Ọdún méjì ni mo fi kọ́ ọ, torí mo fẹ́ lù bíi Dave Lombardo, onílù ẹgbẹ́ metal Slayer nígbà kan. Mi ò kábàámọ̀ ẹ̀.

Fúráìdè ọjọ́ náà, wákàtí mẹ́rin la lò. Mo jáde, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá alákàrà. Ẹnu wọn ń mì, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, kí lẹ wí?" Wọ́n tún un sọ. Ètè nìkan ni mo rí. Wọ́n wá nawọ́ sí ata, mo mi orí.

Lóru, iná ti lọ, àdúgbò dákẹ́, àfi nǹkan kan tó ń han gooro. Mo rò pé ìrẹ̀ ló wọlé. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo gbé bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn àpótí aṣọ. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó tẹ̀ lé mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì bo etí, ló bá tún le sí i. Ìgbà yẹn ló yé mi pé inú orí mi ló wà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún.

Ní Sọ́ńdè, mò ń rí hi-hat, àwo irin méjì tó ń pàdé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún mi òsì tó ń ṣí, tó ń pa dé, kò dún. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré ju orin lọ, àwọn akọrin ń wẹ̀yìn. Bọ̀ọ̀dá tó ń ta gìtá bẹ́ẹ̀sì wá fọwọ́ tẹ ọ̀pá ìlù ọwọ́ mi mọ́lẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Mo ka "sinmi" lẹ́nu wọn.

Dókítà ní irun wẹ́wẹ́ inú etí tí ariwo bá ti pa kì í hù mọ́. Ọ̀tún ti padà, òsì ń gbọ́ díẹ̀. Mo ti ń lù padà.

Ẹ dí etí! Dẹ́síbẹ̀lì la fi ń wọn bí ariwo ṣe le tó: ariwo 85 dẹ́síbẹ̀lì, kò yẹ kí ẹ gbọ́ ọ ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójúmọ́. Tó bá fi 3 lé, àkókò á já sí ìdajì. Tó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Dúrọ́ọ̀mù wa sì ń kọjá 100, nínú yàrá tí a fọwọ́ ara wa dí.

Òwú ò lè ṣe é. Fóòmù kékeré ti etí ni kí ẹ rà. Ẹ lọ́ ọ títí á fi tínrín, ẹ fa etí sókè, ẹ tì í bọ̀ ọ́, ẹ fìka dì í mú títí á fi wú.

Ẹ̀kọ́ kejì ni pé etí tó ń hó lẹ́yìn rìhásà ń bẹ̀ yín ni. Tèmi bẹ̀ mí fún ọdún kan, mo ní ó ti rẹ̀ mí ni. Ẹ̀kẹta, owó òde àríyá ló ra pẹ́dà mi, ẹ má fojú di í. Ṣùgbọ́n ẹ dí etí níbẹ̀ náà, ẹ̀gbẹ́ sípíkà lẹ máa ń jókòó sí.

Ẹbí mi kan ní orin èṣù ló fìyà jẹ mí. Rárá o! Ariwo ni, kì í ṣe orin. Ọmọ Àyàn ń lù ní gbangba, ohùn ń bá afẹ́fẹ́ lọ. Tiwa ń ta lára ògiri padà sí wa létí. Lars Ulrich, onílù ẹgbẹ́ metal Metallica, pàápàá ti sọ ọ́ ní gbangba pé etí òun ń hó.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá kan máa ń wá jókòó sẹ́yìn mi ní Sátidé. Mo ti ra fóòmù tiẹ̀. Tí kò bá tíì fi sétí, mi ò kì í gbé ọ̀pá ìlù fún un.