Òfin Gúrúùpù Àdúgbò: Ohun Tí Mo Kọ́ Nípa Mímú Un Ṣẹ

Gúrúùpù WhatsApp àdúgbò ní Abẹ́òkúta kì í dàrú nítorí àìsí òfin. Ọ̀pọ̀ wọn ló ní òfin tó gùn ju ìwé àdéhùn ilẹ̀ lọ. Ohun tó ń dà wọ́n rú ni pé òfin náà ń mú ayálégbé, kì í sì í mú Bàbá tó kọ́kọ́ kọ́lé sí àdúgbò. Ọjọ́ tí ará ilé bá ti rí i pé ó ní ẹni tí òfin ń fò kọjá, ọjọ́ náà ni òfin kú. Ẹ̀kọ́ tó tóbi jù tí mo kọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí òfin kéré. Márùn-ún tó. Èyí tí kò bá wọ ojú fóònù kan láì fi ìka fà á sókè, kò sẹ́ni tó máa kà á. Kí òfin kọ̀ọ̀kan sì dárúkọ ohun tí ojú lè rí. "Ẹ bọ̀wọ̀ fún ara yín" kì í ṣe òfin, àdúrà ni. Ohun tí ìyá aládìrẹ ní Ìtòkú ń pè ní àfojúdi lè jẹ́ àwàdà lásán lẹ́nu ọmọ yunifásítì FUNAAB tó yá yàrá kan ní Camp. Ẹ kọ ọ́ báyìí: a kì í bú ènìyàn níbí, a kì í bú òbí ẹni, a kì í pe ẹnikẹ́ni ní olè tàbí àjẹ́. Ẹni tó bá ka èyí ti mọ ibi tí ààlà wà.

Ẹ má kọ́kọ́ gbé òfin náà sórí gúrúùpù. Ẹ mú un lọ bá àwọn àgbà nílé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó kà á ní ìpàdé. Ẹni tí ẹ rò pé ó máa kọ́kọ́ rú u ni kí ẹ bẹ̀ pé kó bá yín dábàá rẹ̀ lójú gbogbo ilé. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, kí ẹ sì jẹ́ kí àgbà kan fi ohùn ara rẹ̀ kà á sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ìyá àti bàbá wa ló ń gbọ́ ohùn lórí WhatsApp ju pé kí wọ́n ka ìwé lọ. Ẹ fi ìwé àti ohùn náà lẹ̀ mọ́ òkè gúrúùpù (ohun tí WhatsApp ń pè ní "pin"). Ohun tí a bá lẹ̀ mọ́ òkè kì í ju ọgbọ̀n ọjọ́ lọ tí á fi já bọ́, nítorí náà kí admin máa tún un lẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù.

Admin mẹ́ta ló dára: àgbà kan, obìnrin kan, àti ọ̀dọ́ kan tó mọ fóònù dáadáa. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó máa dá gúrúùpù sílẹ̀, torí àwọn admin yòókù kò lè yọ ẹni tó dá a sílẹ̀, àfi tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ jáde. Kí ó má jẹ́ ayálégbé tó ń kó lọ lọ́dún tó ń bọ̀, kí ó má sì jẹ́ èjẹ́ńtì ilé. Ẹ tún ètò rẹ̀ ṣe kó jẹ́ pé admin nìkan ló lè yí orúkọ àti àwòrán gúrúùpù padà, kó sì jẹ́ pé admin ló máa fọwọ́ sí ẹni tuntun kó tó wọlé. Bí ẹnì kan bá ti lẹ link ìwọlé mọ́ Facebook, ẹ sọ link àtijọ́ di òkú, kí ẹ gba tuntun.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò ní kí ẹ máa fún ènìyàn ní ìkìlọ̀ lórí rẹ̀ rárá: àwòrán ọmọ ẹlòmíì tí wọ́n kọ "olè" sí lábẹ́. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí àwọn ènìyàn bá pariwo olè lé lórí ní Làfẹ́nwá tàbí ní Kútọ̀. Táyà àti kẹrosíìnì lè dé kí òótọ́ tó dé. Ẹ yọ ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, ẹ yọ ẹni tó gbé e wá, kí ẹ sì ní kó gbé ẹ̀rí rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bákan náà ni ìhàlẹ̀, àwòrán ìhòòhò àti ìpolówó jìbìtì. Fún ìwọ̀nyí, kò sí ìgbà àkọ́kọ́.

Àwọn ẹ̀ṣẹ̀ yòókù ní àtẹ̀gùn. Ìgbà àkọ́kọ́, admin á yọ ọ̀rọ̀ náà, á sì bá onítọ̀hún sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀ láàárín wákàtí kan. Bó bá tún ṣẹlẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta, àgbà tó jẹ́ admin ni yóò sọ̀rọ̀ lójú gúrúùpù, nọ́ńbà òfin ni yóò sì pè, kò ní pe orúkọ. Ìkẹta, ọjọ́ méje níta. Ìkẹrin, oṣù kan, kó sì jẹ́ ìpàdé ni yóò mú un wọlé padà.

Kí ẹ tó yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ ya skrínṣọ́ọ̀tì rẹ̀. Bó bá ti lọ, ó lọ nìyẹn, onítọ̀hún á sì búra pé òun kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ìwé kékeré kan: ọjọ́, nọ́ńbà fóònù, òfin tó rú, ohun tí ẹ ṣe, admin tó ṣe é. Àwọn admin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nìkan ni kó máa rí i.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn ni pé bí admin bá yọ ọ̀rọ̀ ẹlòmíì, WhatsApp máa ń kọ orúkọ admin náà síbẹ̀ fún gbogbo ènìyàn láti rí. Bó bá jẹ́ ọmọ ọdún 25 ló yọ ọ̀rọ̀ bàbá ẹni 70, ìjà náà ti kúrò lórí òfin, ó ti di "ta ni bàbá ẹ?" Nítorí náà, àgbà ni kó máa yọ ọ̀rọ̀ àgbà. Bí kò bá mọ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, kí ọ̀dọ́ admin lọ jókòó tì í, kí ó tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù àgbà náà gan-an.

Ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ tí a máa sọ fún àgbà náà ní bí a ṣe ń kọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ pè é, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ tó fi irú èyí ránṣẹ́: "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá. Ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan nípa ilé kejìlá wọ inú òfin àkọ́kọ́, a ti yọ ọ́. Ẹ̀yin náà lẹ bá wa dábàá òfin yìí. Ẹjọ́ omi ìdọ̀tí náà ṣe pàtàkì, a ti kọ ọ́ sínú ọ̀rọ̀ ìpàdé ọjọ́ Sátidé, ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Ohun mẹ́ta ló wà níbẹ̀: ohun tó ṣe, òfin tó rú, àti ibi tí ẹjọ́ rẹ̀ ń lọ. Ẹni tó bú aládùúgbò rẹ̀ sábà máa ń ní ẹ̀sùn gidi nínú, bí ẹ bá sì gba èébú náà lọ́wọ́ rẹ̀ láì gba ẹ̀sùn náà, ó máa padà wá. Ẹ má sì tọrọ àforíjì ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn kan á bẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí, ẹni tó ṣẹ̀ á sì rò pé òun ni wọ́n ṣẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ ni yóò tẹ̀lé e, a kúkú mọ ara wa. Ẹ yọ ẹnì kan fún ọjọ́ méje, kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyàwó rẹ̀, pásítọ̀ rẹ̀ àti Alhaji tí wọ́n jọ ń kírun á ti pè. Ìdáhùn kan náà ni kí gbogbo admin fún wọn: ọjọ́ tó máa padà ti wà nínú ìwé, ìpàdé nìkan ló lè yí i. Ẹ má dín in kù, kódà pẹ̀lú ọjọ́ kan. Ẹni tí kò ní pásítọ̀ tó máa bá a pè ń wo yín.

Ẹni tó wà níta ṣì gbọ́dọ̀ gbọ́ pé adigunjalè wà ní òpópónà kejì, tàbí pé tiransifọ́mà ti jó. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ gúrúùpù méjì: ọ̀kan fún ìkéde, tí admin nìkan ń kọ̀wé sí, tí a kì í yọ onílé tàbí ayálégbé kankan kúrò nínú rẹ̀, ìkejì fún ọ̀rọ̀ sísọ, ibẹ̀ ni ìjìyà wà.

Nípa ìròyìn tí wọ́n ń darí kiri: bí òjò bá ti ń pọ̀, ẹnì kan á gbé fídíò wá pé wọ́n ti ṣí ìdídò (dam) Ọ̀yán, pé omi ń bọ̀. Àwọn tó ń gbé lẹ́bàá odò Ògùn á máa palẹ̀ ẹrù mọ́, fídíò náà sì lè ti pé ọdún mẹ́ta. Bí ẹ bá rí ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ kan, ó ti gba ọwọ́ ènìyàn márùn-ún ó kéré tán kọjá. Láti ọdún 2020 ni WhatsApp ti fi òté lé irú rẹ̀, ibì kan ṣoṣo ni ènìyàn lè fi í ránṣẹ́ sí lẹ́ẹ̀kan. Kí òfin yín sọ pé ọlọ́fà méjì kò gbọdọ̀ wọlé láìjẹ́ pé admin ti rí i. Ti Ọ̀yán, àjọ odò Ògùn àti Ọ̀ṣun tó ń bójú tó ìdídò náà ni kí ẹ bi. Bí irọ́ náà bá ti wọlé ṣáájú, ẹ má kàn yọ ọ́. Àwọn tó ti kà á ṣì gbé e sọ́kàn. Ẹ kọ òótọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tó yọ ọ́. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òfin ìjọba lórí ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ti ọdún 2015 tí wọ́n tún ṣe ní 2024, lè mú ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ fi irọ́ ránṣẹ́ láti da ìlú rú.

Ọjà títà: Sátidé nìkan. Àdúrà òwúrọ̀ alárànbarà: ẹ má gbà á, ti mùsùlùmí àti ti krìstẹ́nì. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀, kó má ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ má fòfin dè é pátápátá, ẹ ó pa àwọn àgbà lẹ́nu mọ́.

Owó ọlọ́dẹ ló kù. Ẹ má tẹ orúkọ ajigbèsè sójú gúrúùpù, ìjà ni. Nọ́ńbà ilé tó ti san ni kí ẹ tẹ̀. Ẹni tí kò rí ilé rẹ̀ níbẹ̀ mọ ara rẹ̀, akápò á sì lọ bá a nílé.