Tínà jẹ ìyẹ́ bàálù mi

Ẹ̀yin tí ẹ ń to bàálù oníke bíi tèmi, ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́.

Bàálù ogun Alpha Jet ni, ìwọ̀n 1/72: sẹ̀ǹtímítà kan lára rẹ̀ dúró fún 72 lára bàálù gidi. Láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì kò tó sẹ̀ǹtímítà 13. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló rà á bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo ṣì kéré, inú páálí ló sì wà títí mo fi kó o wá sí Kubwa. Àwọn ọmọ ogun òfurufú wa ní irú rẹ̀ ní Kainji. Tiwọn ni mo fẹ́ fi ṣe àwòkọ.

Mo fi ọṣẹ fọ ike náà, mo fi sáńdípépà ha àwọn ìlà tó yọ síta, mo wá fi abẹ́rẹ́ fa tuntun tó wọnú ike. Alẹ́ mẹ́rin gbáko. Ìgbà tó ku ọ̀dà, mo ní kí ọ̀gá kan tó ń kun mọ́tò ládùúgbò po ọ̀dà aláwọ̀ eérú díẹ̀ fún mi. (Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ o. Irin ló mọ̀. Èmi ni n kò sọ fún un pé ike ni.)

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo fa búrọ́ọ̀ṣì lórí ìyẹ́ òsì, ó ń dán. Mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà kejì, búrọ́ọ̀ṣì bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbà téèyàn ń ro ẹ̀kọ tó ti ń dì. Àwọn ìlà alẹ́ mẹ́rin ń rì lójú mi. Mo sáré fẹ́ gbé e, àtàǹpàkò mi wọlé sínú ìyẹ́ náà. Ìyàwó mi gbọ́ igbe mi láti kíṣìnì: "Bàbá Tọ́lá, ta ló kú?"

Tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà mọ́tò máa ń jẹ ike yìí. Ẹ má jù férémù tí wọ́n fi so àwọn ègé náà pọ̀ nù. Ọ̀dà yòówù tí ẹ bá fẹ́ lò, ara férémù yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, kó di ọjọ́ kejì. Ẹ má sì kùn ún níta lásìkò ọyẹ́, eruku Abuja kò mọ ojú ẹnìkan. Àmọ́ férémù ni mo ń sọ. Sítíkà àtijọ́ tí à ń rẹ sómi ká tó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bàálù náà, ọ̀kan tí ẹ kò nílò ni kí ẹ kọ́kọ́ rẹ sómi. Tèmi fọ́ wẹ́wẹ́, ni mo bá fi fáníìṣì kun ìyókù kí n tó rẹ wọ́n. Ẹni tó bá ní òun ti mọ ọ̀dà òun, èmi náà rò pé mo mọ tèmi.

Mo dí ihò ara ìyẹ́ náà, mo fi omi àti sáńdípépà ha á, mo tún un kùn pẹ̀lú ọ̀dà olómi tó wà fún ike. Ó ti parí. Àmì aláwọ̀ ewé àti funfun ni mo kùn lé ojú ibi tí àtàǹpàkò mi wọ̀, ṣùgbọ́n tí iná bá tàn sí i láti ẹ̀gbẹ́, ẹ ó rí i níbẹ̀.