Èwo gan-an ni ẹ̀yin nínú gbogbo wọn?

Ọmọ tó wà nídìí customer care ní báǹkì ló bi mí bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ yìí. "Mummy, èwo gan-an ni ẹ̀yin nínú gbogbo wọn?" Kò fi rí mi fín o, ẹ̀rín ló ń rín, ọmọ náà níwà. Ó to àwọn ìwé mi sórí tábìlì bí ẹni tó fẹ́ ta káàdì, ó ń fi bírò tọ́ka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. NIN ní Olúgbèmí, BVN ní orúkọ ọkọ mi (ẹ mọ ìyókù ìyẹn), sátífíkéètì WASC ní Fágbèmí, Comfort wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì, Morẹ́nikẹ́ wà níbi méjì, wọ́n wá kọ ọ́ ní Morẹ́nikéjì níbi kẹta, Ọlọ́run nìkan ló mọ ẹni tó lọ fi "ji" sí i.

Àfi kí n lọ ṣe affidavit kí n sì gbé e sínú ìwé ìròyìn. Ìyẹn lọjọ́ òní. Mo ra tòmátì, ó ti tún wọ́n sí i. Orúnkún ṣì wà bó ṣe wà, ẹ ṣé tẹ́ ẹ̀ ń béèrè.

Èwo gan-an ni ẹ̀yin. Mo rẹ́rìn-ín níbẹ̀, mo sọ fún un pé gbogbo wọn ni jàre. Ìgbà tí mo dénú kẹ̀kẹ́ ni omi bọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ohun tí mò ń sunkún sí.

Ẹ wò ó, mo mọ ìdáhùn ìbéèrè yẹn o. Ọdún 21 ni mo ti ń kọ́ Sunday school. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ṣe "Ta ni mo jẹ́ nínú Kristi" lọ́dún tó kọjá, èmi ni mo kọ ọ́ sójú pátákó, àyànfẹ́, àtúnbí, ajogún, àwọn ọmọ ń ké e tẹ̀lé mi. Kò sí ọ̀kan tó wá sí mi lẹ́nu níwájú ọmọ báǹkì yẹn. Tó bá tiẹ̀ wá ńkọ́, kí n sọ pé ẹ̀dá titun ni mí? Á ní Mummy, kò sáyè fún ìyẹn nínú fọ́ọ̀mù.

Ọdún 1979 ni bàbá mi di àtúnbí tó sì yọ Fá kúrò lórí orúkọ wa. Iléèwé kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní orúkọ tí mo fi wọlé ni màá fi jáde, ìdí tí WASC fi rí bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n bàbá mi ò lè gbà kí àpótí páànù tí mò ń gbé lọ sí bọ́díìn máa jẹ́ Fágbèmí. Ó fi ọ̀bẹ ha FÁ kúrò, ó fi ọ̀dà funfun kọ OLÚ sí i, àyè lẹ́tà méjì ló fẹ́ fi há lẹ́tà mẹ́ta mọ́, L yẹn wá tín-ín-rín bí igi ìṣáná. Àpótí náà wà ní yàrá mi títí dòní. Tí oòrùn bá gba ojú wíńdò wọlé ẹ ó rí ẹsẹ̀ F lábẹ́ ọ̀dà náà. Bàbá bàbá mi, tó ń dífá títí tó fi kú, rí i, kò bínú, ó kàn ní wọn ò ṣáà yọ "gbè mí".

Mo máa ń sọ ìtàn Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther fáwọn ọmọ Sunday school. Wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn lọ́dún 1821, wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sierra Leone lọ́dún 1825, wọ́n sì fi orúkọ àlùfáà Òyìnbó kan sọ ọ́. Àjàyí ńkọ́? Àmútọ̀runwá ni, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ lórúkọ yẹn, ó dojú bolẹ̀ wáyé ni. Nígbà tóun àti ìyá rẹ̀ tún fojú kanra l'Abẹ́òkúta lọ́dún 1846, ṣé Samuel nìyá yẹn máa pè é ni? Ó ṣòro fún mi láti gbà. Bẹ́ẹ̀ ìyá náà ṣèrìbọmi nígbà tó yá, Hannah ni wọ́n sọ ọ́, ìyá Samuel inú Bíbélì. Inú mi máa ń dùn síbi yẹn. Lónìí ó kàn ń...

Ẹ jẹ́ n fi sílẹ̀.

Mo ṣí Aísáyà 43 lálẹ́ yìí. "Mo ti pè ọ́ ní orúkọ rẹ, tèmi ni ìwọ." Orúkọ wo, Olúwa? Inú ń bí mi díẹ̀, kí n má purọ́. Gbogbo èyí tó wà nínú ìwé, ẹnìkan ló fún mi, ẹnìkan ló gbà á, ẹnìkan ló kọ ọ́ ní ìkọkúkọ. Àbẹ̀kẹ́ nìkan ni kò sí nínú ìwé kankan. Ìyá mi ló ń pè mí bẹ́ẹ̀, tó bá pè é láàárọ̀ orí mi á wú, látìgbà tó ti lọ kò sẹ́ni tó pè é mọ́. Tí Ọlọ́run bá máa pè mí, ohùn yẹn ni mo máa ń rò pé ó máa lò, mi ò sì lè kọ́ àwọn ọmọ ní ìyẹn torí kò sí nínú ìwé ẹ̀kọ́.

Mo wo bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn. Èmi tí wọ́n ń pè ní báyìí tẹ́lẹ̀, báyìí ni kí wọ́n máa pè mí, gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì wúlò, kí gbogbo ayé kíyè sí i. Gbogbo ìwé àtijọ́ ṣì wúlò! Pọ́ọ̀lù ní ohun àtijọ́ ti kọjá lọ. Mo ka méjèèjì tẹ̀léra, mo bú sẹ́rìn-ín, èmi nìkan, láago 11 òru. Mi ò mọ èyí tí bàbá mi máa fọwọ́ sí. Tẹ́lẹ̀, ǹ bá ní mo mọ̀.

Ọ̀la ni mò ń lọ kóòtù. Ẹ bá mi gbàdúrà kí wọ́n má tún lọ fi "ji" sí i.